Kíkó issue wálé fún éjẹ́ǹtì AI ò le, kí ẹ̀dà náà má máa purọ́ ló le

Ìbéèrè kan ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ìgbà tí éjẹ́ǹtì AI, ìyẹn AI tó lè fúnra ẹ̀ lo irinṣẹ́ láti ṣe iṣẹ́, ti wọ iṣẹ́ kóòdù: ṣebí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni GitHub, ibi tí ọ̀pọ̀ ń kó kóòdù wọn sí, wà, ṣebí AI náà lè lọ síbẹ̀ fúnra ẹ̀, kí ló wá dé tí àwọn kan fi ń kó gbogbo issue wọn wá sínú kọ̀ǹpútà tiwọn kí wọ́n tó jẹ́ kí AI fojú kàn án? Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á rò pé àṣedànù ni. Kì í ṣe àṣedànù o, àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ẹ̀dà tí wọn ò bá tọ́jú dáadáa, ṣe ni AI yín á máa fi ìdánilójú sọ ohun tó ti yí padà láti ìjẹta.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á yé àwọn tí ò sí nídìí iṣẹ́ yìí. Issue tracker ni ibi tí àwọn tó ń ṣe sọ́fúwíà ti ń kọ ẹjọ́ sílẹ̀. Bọ́tìnnì kan ò ṣiṣẹ́ nínú áàpù, ẹni tó rí i á lọ ṣí issue, á fún un ní àkọlé, á ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn tó ni áàpù á lẹ lébẹ̀lì mọ́ ọn, wọ́n á fà á lé ẹnì kan lọ́wọ́, àwọn ènìyàn á máa sọ kọ́mẹ́ǹtì sí i títí wọ́n á fi tún nǹkan náà ṣe tí wọ́n á sì ti issue pa. Ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀ ti wà. Bugzilla ti wà láti 1998, Jira tí Atlassian ṣe dé ní 2002, àmọ́ GitHub ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé kó sí báyìí, kódà àwọn tó ń ṣe èdè Python kó gbogbo issue wọn kúrò ní sáìtì tiwọn lọ síbẹ̀ ní oṣù kẹrin 2022. GitHub ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ látòkè délẹ̀.

Kí ni éjẹ́ǹtì wá ń wá nínú ẹjọ́ àwọn ènìyàn? Kóòdù máa ń sọ ohun tí ètò ń ṣe, kì í sábà sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Inú issue ni ìdí wà. Ẹnì kan ti dá àbá kan ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n jiyàn lé e lórí, wọ́n ní rárá, wọ́n sì sọ ohun tó fà á. Tí éjẹ́ǹtì ò bá rí ìyẹn, ó máa fi tayọ̀tayọ̀ gbé àbá tí wọ́n ti kọ̀ padà wá fún yín, á tún kọ kóòdù ẹ̀ mọ́ ọn.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé éjẹ́ǹtì kì í kàwé bí ènìyàn. Èmi àti ẹ̀yin máa ṣí issue kan, a máa ka méjì mẹ́ta míì tó jọ ọ́, ó ti tó. Éjẹ́ǹtì tí wọ́n bá bi pé "kí ni àwọn ènìyàn ń ráhùn nípa ẹ̀ jù lọ nípa lọ́gíìnì?" lè fẹ́ ka ọgọ́rùn-ún mẹ́ta kó tó dáhùn, ọ̀la tí ẹ bá tún bi í, ó tún máa ka ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọ̀hún láti ìbẹ̀rẹ̀ torí kò rántí tàná. GitHub ò sì ṣílẹ̀kùn gbayawu. Ẹni tí ò ní kọ́kọ́rọ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí GitHub fi ń dá ènìyàn mọ̀, ìbéèrè 60 ni wọ́n fún un ní wákàtí kan. Ẹni tó bá fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ wọlé ní 5,000. Èyí tó ń dun ènìyàn jù ni search: 30 péré ní ìṣẹ́jú kan, ohun tí search kan bá sì rí, 1,000 àkọ́kọ́ nìkan ló máa fi hàn yín, tí èsì bá tó 9,000, ẹ ò ní rí 8,000 yòókù. Éjẹ́ǹtì ò ní sọ fún yín pé òun ò rí wọn o. Á kàn ka iye tó rí, á ní gbogbo ẹ̀ nìyẹn.

Ìṣòro kejì fara sin díẹ̀. Ẹ wo ohun tí GitHub máa kó fún yín tí ẹ bá béèrè issue kan ṣoṣo lọ́wọ́ API, ìyẹn ilẹ̀kùn tí ètò kọ̀ǹpútà ń gbà béèrè nǹkan lọ́wọ́ GitHub. Ẹ fẹ́ àkọlé, ẹ fẹ́ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà ní ṣíṣí. Ó fún yín, àmọ́ ó tún to àdírẹ́sì jọ tẹ̀ lé orúkọ ẹni tó ṣí i: avatar_url, followers_url, following_url, gists_url, starred_url, subscriptions_url, organizations_url, repos_url, events_url, received_events_url, gbogbo ìyẹn lórí ènìyàn kan ṣoṣo, tí wọ́n bá sì ti fa issue náà lé ẹlòmíì lọ́wọ́, wọ́n á tún to gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i fún ẹni yẹn. Ènìyàn á fojú fò ó. Éjẹ́ǹtì ò lè fojú fo nǹkan kan, gbogbo ẹ̀ ló máa kà, owó tókìn (ègé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣírò owó AI) ń lọ, àyè tó yẹ kó fi ronú ń kún fún pàǹtírí.

Àwọn kan á ní ṣebí MCP ti wà. Òótọ́ ni, Anthropic gbé e jáde ní oṣù kọkànlá 2024, GitHub náà sì ní tiẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà tí éjẹ́ǹtì ń gbà pe irinṣẹ́ ni MCP, kì í ṣe ibi ìkó-nǹkan-sí. Tí irinṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ bá ṣì ń lọ kan ilẹ̀kùn GitHub nígbà gbogbo, 60 àti 5,000 yẹn ò kúrò níbẹ̀. Ẹ lè fi MCP síwájú ẹ̀dà tó wà nílé yín náà, ìyẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ń ṣe.

Ibo la wá máa kó o sí? SQLite, ní tèmi, mi ò rí ìdí tí ẹ fi máa lọ gbé dátábéèsì ńlá sórí sẹ́fà nítorí èyí. Richard Hipp ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2000, fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo dátábéèsì náà, kò ní sẹ́fà tí ẹ máa tàn, kò ní pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ máa gbàgbé, ó sì ti wà nínú fóònù yín bí ẹ ṣe ń ka èyí, ì báà jẹ́ Android tàbí iPhone. Ẹ máa ṣe tébù kan fún issue, ìkejì fún kọ́mẹ́ǹtì. Nínú ti issue: orúkọ repo (àpótí tí kóòdù iṣẹ́ kan wà lórí GitHub), nọ́ńbà, àkọlé, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, ó ṣí tàbí ó ti pa, lébẹ̀lì, ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Àwọn àdírẹ́sì yẹn, ẹ jù wọ́n nù. SQLite tún ní ohun kan tó ń jẹ́ FTS5 tó máa jẹ́ kí ẹ wá ọ̀rọ̀ nínú gbogbo ẹ̀ bí ìgbà tí ẹ ń wá nǹkan lórí Google, láìfọwọ́ kan íntánẹ́ẹ̀tì rárá. "Fún mi ní issue tó ṣì wà ní ṣíṣí, tó mẹ́nu ba lọ́gíìnì, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn láti oṣù mẹ́fà", ìlà kan ni, ìdáhùn á jáde kí ẹ tó ṣẹ́jú, éjẹ́ǹtì á wá ka ogún tó bá a mu dípò ọgọ́rùn-ún mẹ́ta.

Kíkó o wálé lẹ́ẹ̀kan àkọ́kọ́ ò le. Repo VS Code ti Microsoft, nọ́ńbà issue àti pull request ibẹ̀ ti kọjá 200,000, 100 sì ni iye tó pọ̀ jù tí GitHub lè kó fún yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ pín in, 2,000 ìbéèrè ni fún 200,000, ó ṣì wà nínú 5,000 wákàtí kan. Kọ́mẹ́ǹtì ló máa pẹ́ díẹ̀, ó ní ilẹ̀kùn tiẹ̀ lọ́tọ̀. Àmọ́ pańpẹ́ méjì wà níbẹ̀ tó ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Tí ẹ ò bá sọ nǹkan kan, èyí tó ṣì wà ní ṣíṣí nìkan ni GitHub máa fún yín, ẹ gbọ́dọ̀ kọ state=all síbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ìtàn àbá tí wọ́n kọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ò ní wọlé. Ìkejì, GitHub máa ń ka pull request mọ́ issue, wọ́n á jọ wá pọ̀ ni, èyí tó bá ní pull_request lára kì í ṣe ẹjọ́, kóòdù tí ẹnì kan fẹ́ fi sínú iṣẹ́ ni, ẹ yà á sọ́tọ̀ kí éjẹ́ǹtì má máa sọ pé bọ́ọ̀gì (àṣìṣe inú kóòdù) yín pọ̀ ju bó ṣe rí lọ.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ọjọ́ kejì. Ẹ ò fẹ́ kó 200,000 wálé lójoojúmọ́, ohun tó yí padà nìkan lẹ fẹ́. GitHub ní nǹkan kan tó ń jẹ́ since fún ìyẹn, ẹ máa sọ fún un pé "gbogbo èyí tí wọ́n ti fọwọ́ kàn láti aago báyìí", ìbéèrè náà máa rí báyìí:

/repos/microsoft/vscode/issues?state=all&sort=updated&direction=asc&since=2025-03-01T09:00:00Z&per_page=100

Ẹ wo Z tó wà lẹ́yìn aago yẹn. Ohun tó ń sọ ni pé aago UTC ni, èyí tí gbogbo ayé fi ń ṣe ìwọ̀n, kì í ṣe aago Èkó. Aago Èkó fi wákàtí kan síwájú. Tí kóòdù yín bá mú aago 10 tó wà lójú láptọ́ọ̀pù yín n'Íbàdàn, tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé 10:00Z, ohun tó ń sọ fún GitHub ni pé òun ò fẹ́ nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ láàárín aago 9 sí 10 UTC, bẹ́ẹ̀ sì rèé aago 9 UTC ni nígbà tí ẹ ṣe sync, ìyẹn nígbà tí ẹ mú ẹ̀dà yín bá ti GitHub dọ́gba. Wákàtí kan á ṣubú bọ́ọ́lẹ̀ nígbà gbogbo tí ẹ bá ṣe sync, kò ní sí àṣìṣe kankan lójú ẹ̀rọ. Ẹni tó ń lo kóòdù yìí kan náà ní London nínú oṣù kìíní ò ní rí wàhálà kankan, torí aago tiwọn àti UTC dọ́gba nígbà òtútù, ó di ìparí oṣù kẹta tí wọ́n bá sún aago síwájú kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ tiẹ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹ má fi aago láptọ́ọ̀pù ṣe nǹkan kan nínú iṣẹ́ yìí. Aago tí GitHub fúnra ẹ̀ kọ sára issue tó gbẹ̀yìn tí ẹ gbà, updated_at, òun ni kí ẹ tọ́jú, òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ nígbà míì, kódà ẹ dín ìṣẹ́jú márùn-ún kúrò nínú ẹ̀. Ẹ máa rí àwọn kan lẹ́ẹ̀mejì, kò burú. Ẹ kàn jẹ́ kí SQLite fi tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ tí nọ́ńbà bá ti jọ ara wọn, ON CONFLICT DO UPDATE ni wọ́n ń pè é, ó ti wà nínú ẹ̀ láti 2018.

Ohun míì wà níbẹ̀ tí ò hàn sójú. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ ti ka péèjì kìíní, issue 100, látorí èyí tó pẹ́ jù bọ̀ wá sí tuntun. Kí ẹ tó béèrè péèjì kejì, ẹnì kan lọ sọ kọ́mẹ́ǹtì sí ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹ ti kà. Lójú ẹsẹ̀, ìyẹn á kúrò láyè ẹ̀, á lọ sí ìparí ìlà, gbogbo àwọn tó kù á sún síwájú ní ẹyọ kan, èyí tó wà ní ipò 101 á bọ́ sí 100, ìyẹn péèjì kìíní tí ẹ ti kúrò níbẹ̀. Ẹ ti fò ó nìyẹn. Tí ẹnikẹ́ni ò bá sì fọwọ́ kàn án mọ́, ẹ̀dà yín ò ní rí i títí ayé. Kí ẹ má máa béèrè péèjì 2, péèjì 3. Tí ẹ bá ti gba 100, ẹ wo updated_at èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn, ẹ fi ìyẹn ṣe since tuntun, kí ẹ tún béèrè 100 àkọ́kọ́. Àǹfààní kejì ni pé tí iná bá lọ láàárín méjì, ibi tí ẹ dé náà lẹ máa ti tẹ̀ síwájú, ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ bí iná wa ṣe ń ṣe.

Since ò sì lè sọ ohun tí wọ́n ti pa rẹ́. Ohun tí ò sí mọ́ ò ní updated_at. Ẹni tó ní àṣẹ lórí repo lè dìlíìtì issue pátápátá, ó lè gbé e lọ sí repo míì, nínú ẹ̀dà yín ṣe ló máa wà níbẹ̀ bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Webhook lè ràn yín lọ́wọ́, ìyẹn ni pé GitHub fúnra ẹ̀ á máa kàn sí yín nígbàkigbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, títí kan pé wọ́n pa issue rẹ́, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní sẹ́fà tó wà láyè tó máa dá a lóhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, tí sẹ́fà yín bá sùn nígbà tí ìròyìn dé, GitHub kì í tún un fi ránṣẹ́ fúnra ẹ̀. Èmi ò gbára lé webhook nìkan. Ohun tó dáa jù ni kí ẹ máa ṣe sync kékeré ní gbogbo ìgbà, kí ẹ wá yan ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa ka gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí GitHub pátá kí ẹ fi wé tilé. Èyí tó bá wà nílé tí ò sí lóde, ẹ fi àmì sí i pé ó ti kúrò, kí éjẹ́ǹtì má fi ṣe ẹ̀rí mọ́.

Gbogbo ìyẹn náà ni ẹ ṣe tán, ẹ̀dà ṣì máa ń pẹ́ ju òde lọ ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe é. Ohun tí mo rí pé ọ̀pọ̀ kì í ṣe ni kí wọ́n sọ fún éjẹ́ǹtì bí ẹ̀dà ṣe pẹ́ tó. Tébù kékeré kan tó ní aago sync tó kẹ́yìn ti tó, kí irinṣẹ́ tó ń dá éjẹ́ǹtì lóhùn máa fi kún gbogbo ìdáhùn: "bó ṣe wà ní aago 10:40 UTC nìyí". Éjẹ́ǹtì tó bá rí i pé ọjọ́ mẹ́rin ti kọjá á mọ̀ pé kó béèrè sync kó tó sọ fún ọ̀gá yín pé bọ́ọ̀gì náà ṣì wà. Èyí tí ò rí nǹkan kan á kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tibẹ̀ dé.

Ti kíkọ nǹkan sílẹ̀ ńkọ́? Éjẹ́ǹtì fẹ́ ti issue kan pa, ṣé kó ti ti ilé pa kó tó lọ ti òde? Rárá o. Bíi káàdì àjọ ni ẹ̀dà yìí: ọwọ́ yín ló wà, ẹ lè wò ó nígbà tó bá wù yín láìlọ sọ́dọ̀ alájọ, àmọ́ ẹ ò lè fi bírò yín kọ owó kún un kẹ́ ẹ ní owó ti wọlé. Éjẹ́ǹtì á kọ ọ́ sórí GitHub, tí GitHub bá gbà á, á wá tún issue yẹn nìkan gbà wálé. Ẹ jẹ́ kí éjẹ́ǹtì máa ṣí fáìlì SQLite náà ní ìkàwé nìkan, kó má lè kọ nǹkan kan sínú ẹ̀ rárá.

Ó ku ti ààbò, èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ẹ̀. Issue tó wà ní repo tó ṣí sílẹ̀, ẹnikẹ́ni láyé yìí ló lè kọ ọ́, éjẹ́ǹtì yín á sì kà á bíi pé ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀. Ní oṣù karùn-ún 2025, Invariant Labs, ilé iṣẹ́ tó ń ṣèwádìí ààbò AI, fi hàn pé issue kan tí wọ́n kọ àṣẹ sínú ẹ̀ ní repo tó ṣí sílẹ̀ lè mú kí éjẹ́ǹtì tó ń kà á nípasẹ̀ MCP ti GitHub lọ kó ọ̀rọ̀ inú repo àdáni ẹni tó ni í, kó sì tú u síta gbangba nínú pull request. Kíkó o wálé ò wo ìyẹn sàn. Ọ̀rọ̀ burúkú náà máa bá àwọn yòókù wọlé ni. Ohun tó yí padà ni pé kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ éjẹ́ǹtì mọ́: ètò sync ló ni kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì ṣe é kó lè ka issue nìkan, éjẹ́ǹtì kàn ń ka fáìlì, kò rọrùn fún un láti gbé nǹkan síta. Kíkọ tí mo sọ lókè yẹn, irinṣẹ́ míì ni kó gbà á ṣe, kí ènìyàn sì fọwọ́ sí i kó tó lọ. Ẹ má sì kó repo àdáni àti èyí tó ṣí sílẹ̀ sínú fáìlì kan náà. Tún rántí pé gbogbo ẹni tó bá rí fáìlì yẹn lórí láptọ́ọ̀pù yín ti rí gbogbo issue ilé iṣẹ́ yín nìyẹn, GitHub tó máa ń béèrè ẹni tó jẹ́ ò sí níbẹ̀ láti dá a dúró.

Mo fẹ́ sọ eléyìí kí ẹnì kan má baà lọ fi ìparí ọ̀sẹ̀ ẹ̀ ṣòfò: tí issue yín ò ju àádọ́ta lọ, ẹ ò nílò ìkankan nínú gbogbo ohun tí mo sọ. Ẹ fi gh sórí láptọ́ọ̀pù yín, irinṣẹ́ tí GitHub fúnra wọn ṣe ni, kí éjẹ́ǹtì máa lo gh issue list, ó parí. Ẹ kàn rántí fi --state all àti --limit 200 sí i, torí tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, 30 tó ṣì wà ní ṣíṣí nìkan ló máa mú wá, éjẹ́ǹtì á sì gbà pé 30 náà ni gbogbo ẹjọ́ tó wà nílẹ̀.